Má Di Ojú Òsì

A kì í fi ojú méjèèjì wo ìdí ìgò:
bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi nílé,
bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé kámẹ́rà Ivlita sójú
lórí afárá odò Rioni, ní Kutaisi,
mo di ojú òsì pinpin
bí ẹni tó fá òroǹbó kíkan.
Ìyá àgbà náà gbá mi léjìká.
"Ta ló kú,
tí o fi ti fèrèsé?"

Kámẹ́rà náà jù mí lọ lọ́jọ́ orí.
Ó wúwo bí ọmọ ọlọ.
Awọ ara rẹ̀ ti bó ní igun kan,
níbi tí àtàǹpàkò Varlam, ọkọ rẹ̀,
ti fi ogójì ọdún rà á.
Varlam ti wà lórí òkè lọ́hùn-ún, lábẹ́ òkúta,
ṣùgbọ́n ojú àtàǹpàkò rẹ̀ kò lọ.
Mo ki tèmi bọ ibẹ̀
bí ẹni wọ bàtà onílé.

Nínú ihò kékeré tí mò ń yọjú sí,
ẹnì kan di méjì.
Ọkùnrin tó ń ta wàràkàṣì létí afárá
ní imú méjì, irunmú méjì,
èkejì hàn fírífírí bí iwin.
"Yí i díẹ̀díẹ̀," ni Ivlita wí,
"títí wọn yóò fi wọnú ara wọn."
Mo yí i. Iwin rìn bọ̀,
ó wọ ọkùnrin náà bí ẹni wọ ẹ̀wù,
imú di ẹyọ kan ṣoṣo.
"Ó ku ojú òsì."

Mo là á.
Yéè!
Ayé méjì gun ara wọn:
ọ̀kan kéré, ìlà funfun yí i ká,
ọ̀kan lọ rẹrẹ, kò ní bèbè.
Òòyì kọ́ mi bí ẹni mu wáìnì wọn láìjẹun.
Ṣé afárá ló ń mì ni, àbí èmi?
"Dúró ná. Omi tó dà rú yóò tòrò."

Ó tòrò.
Ìlà funfun náà léfòó sójú ayé bí ewé lójú omi.
Oníwàràkàṣì wà láàárín rẹ̀,
mo sì rí ohun tó ń bọ̀ wá bá a:
ajá tó ń tiro,
ọmọbìnrin tó gbé burẹ́dì gígùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó sábẹ́ apá,
tó ti bù ú jẹ lójú ọ̀nà.
Ojú ọ̀tún ń wí pé, "Èyí."
Ojú òsì ń wí pé, "Àtèyí. Àtèyí náà."

Lálẹ́, Ivlita gbé álíbọ́ọ̀mù jáde.
Ìgbéyàwó ni, ọdún tí yìnyín pa àjàrà.
Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín láàárín ìlà,
Varlam ti so iwin mọ́ ara,
ìka ti wà lórí bọ́tìnnì,
ni ojú òsì rẹ̀ bá rí ọmọdé kan
tó gun irin afárá,
tí ẹsẹ̀ kan ti kọjá sí ìhà odò.
Kò tẹ bọ́tìnnì. Ó sáré,
kámẹ́rà ń gbá a láyà, gbì, gbì,
ó sì gbá kọ́là ọmọ náà mú.

Ta ni ọmọ ọ̀hún?
Ivlita kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ fà á lọ,
ó ń nà án nídìí, òun náà ń sunkún.
Ìyàwó bínú, kò sanwó.
Ìwé pélébé mẹ́rin ni Varlam lẹ̀ mọ́ ojú ewé yẹn,
igun mẹ́rin
tí kò di nǹkan kan mú.

Mo gbójú sókè láti bi í léèrè ọ̀rọ̀ mìíràn,
ìgbà náà ni iná tábìlì kan ojú òsì Ivlita,
mo rí awọ funfun tó ti bò ó,
funfun bí omi ìrẹsì.
Kò fi rí nǹkan mọ́, ó tó ọdún mẹ́fà.
Síbẹ̀ ó là á sílẹ̀ gbayawu,
nígbà tó ń gbé kámẹ́rà sójú
láti ya èmi àti ife tíì mi.
Mo ní, "Màmá, kí lẹ ń là á fún?"
Ó ní, "Jókòó dáadáa.
Àlejò lè dé."